Ẹja Ínǹṣì 31 Tí Bàbá Mi Dá Padà Sómi

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí lẹ́tà kan ti wà lórí tábìlì ìjẹun wa ní Anchorage. Ìyàwó mi ti gbé abọ́ lé e, ọmọ mi ti fi ṣe ìtẹ́lẹ̀ ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, èmi náà sì kàn ń sún un síwá sẹ́yìn. Ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀ Alaska tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹja àti ẹran ìgbẹ́ ló fi í ránṣẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń kọ̀wé lọ́dọọdún sí díẹ̀ lára àwọn tó gba láísẹ́ǹsì ẹja pípa. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò le. Ọjọ́ mélòó lo fi pẹja lọ́dún tó kọjá? Níbo? Ṣé ọkọ̀ omi háyà, tí ọlọ́kọ̀ ń wà fún èrò, lo bá lọ ni, àbí ọkọ̀ tara rẹ? Ẹja halibut mélòó lo mú, mélòó lo sì gbé wálé?

Iye rẹ̀ kò ṣókùnkùn sí mi. Mẹ́rìnlá ni mo gbé wálé, nínú ọkọ̀ kékeré tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan dáwó rà. Gbogbo rẹ̀ ló bófin mu. Síbẹ̀, bí mo bá ti mú báírò, ìbéèrè kan tí bàbá mi bi mí lórí omi ní oṣù keje ọdún 2018 á tún dìde lọ́kàn mi, ìbéèrè tí mo fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àwọn yẹn ńkọ́?

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí bàbá mi sí. Kí wọ́n tó di olùkọ́, àwọ̀n dídà àti ìgèrè dídẹ ni bàbá wọn fi tọ́ wọn dàgbà létí ọ̀sà. Nígbà tí wọ́n wá kí wa lọ́dún yẹn, òkè oníyìnyín kò tu irun kan lára wọn. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé irú ẹja wo ló ń gbé inú omi tó tutù tó báyìí. Mo bá sanwó àyè méjì nínú ọkọ̀ háyà kan ní Homer, ìlú kékeré etí òkun tó ń pe ara rẹ̀ ní olú-ìlú halibut lágbàáyé. Bíi wákàtí mẹ́rin àbọ̀ la fi wakọ̀ débẹ̀ láti Anchorage. A sùn mọ́jú, aago mẹ́fà àárọ̀ ò sì tíì lù tí a fi wà lórí omi.

Fún ẹni tí kò rí halibut rí: ẹja pẹlẹbẹ ni, ó máa ń tẹ́ sísàlẹ̀ òkun bí ẹní. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ojú rẹ̀ méjèèjì wà. Nígbà tó ṣì kéré, ojú kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan wà lósì, bíi ti ẹja yòókù. Bó ṣe ń dàgbà ni ojú òsì á máa ṣí lọ bá tọ̀tún. Ọkùnrin rẹ̀ kì í tóbi púpọ̀. Abo rẹ̀ ló ń di ràbàtà, òmíràn á wúwo ju géńdé ọkùnrin méjì lọ. Bí ẹ bá rí èyí tó ju ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ, abo ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àṣìṣe níbẹ̀.

A fi ẹja herring àti ẹsẹ̀ octopus ṣe ìdẹ, a so òjé ńlá mọ́ okùn, a sì dúró de omi. Omi Cook Inlet, apá òkun tí Homer wà létí rẹ̀, kì í ṣe omi eré. Láàárín ìgbà tó bá kún àti ìgbà tó bá fà, ìyàtọ̀ rẹ̀ lè ju ogún ẹsẹ̀ bàtà lọ. Àfi ìgbà díẹ̀ tó bá dúró jẹ́ẹ́ láàárín lílọ àti bíbọ̀ ni òjé tó lè jókòó sísàlẹ̀ dáadáa.

Ẹja tí bàbá mi kọ́kọ́ mú tó nǹkan bí ogójì pọ́n-ùn. Wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọmọ ọkọ̀ ní kí wọ́n fi báírò kọ ọ́ sẹ́yìn láísẹ́ǹsì wọn lójú ẹsẹ̀, torí pé lọ́dún yẹn, ẹja mẹ́rin péré ni ẹni tó bá bá ọkọ̀ háyà lọ lágbègbè yẹn lè mú títí ọdún á fi parí. Méjì lóòjọ́: ọ̀kan bó ṣe wù kó tóbi tó, ìkejì kò gbọ́dọ̀ ju ínǹṣì 28 lọ. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ọkọ̀ háyà kò gbọ́dọ̀ pa halibut rárá.

Ẹja kejì dé. Ọmọ ọkọ̀ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó na igi ìwọ̀n tì í. 31. Ó wo ojú bàbá mi, ó mi orí, ó sì yọ ìwọ̀ kúrò lẹ́nu ẹja náà. Ikùn rẹ̀ funfun báláú yọ lójú omi lẹ́ẹ̀kan, ó yí padà, ó sì rì lọ. Bàbá mi kò bínú. Wọ́n ní bàbá àwọn náà máa ń dá ẹja padà sọ́sà nígbà mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó kéré jù ni wọ́n ń dá padà nígbà náà, kì í ṣe èyí tó tóbi jù.

Ọkọ̀ aluminiọ́mù kékeré kan wà tí kò jìnnà sí wa. Ọkùnrin kan, obìnrin kan, àti ọmọbìnrin kan tó wọ ẹ̀wù pupa tí kì í jẹ́ kéèyàn rì ló wà nínú rẹ̀. Lójú wa báyìí, wọ́n gbé ẹja kan tó ju ti bàbá mi lọ wọlé. Kò pẹ́, wọ́n gbé òmíràn tó tún tóbi jùyẹn lọ. Kò sẹ́ni tó na igi ìwọ̀n.

"Àwọn yẹn ńkọ́?" ni bàbá mi wí.

Mo ní, "Bàbá, àwọn ló ni ọkọ̀ wọn. Òfin tiwọn yàtọ̀. Méjì lóòjọ́ làwọn náà, ṣùgbọ́n bó ṣe wù kó tóbi tó."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ń wo omi. Wọ́n wá ní, "Ọkọ̀ ni wọ́n ń kà ni, àbí ẹja?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn. Ìdáhùn ọmọ tí kò mọ ìdáhùn ni.

Inú ìkòkò kan náà

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ra ọkọ̀ tiwa. Bí mo ṣe kọjá sí òdìkejì nìyẹn. Èmi náà ti di ará inú ọkọ̀ aluminiọ́mù tí bàbá mi nàka sí. Lẹ́tà yìí ló wá jẹ́ kí n jókòó ka bí wọ́n ṣe ń pín ẹja náà gan-an.

Láti ọdún 1923 ni Amẹ́ríkà àti Kánádà ti ní àdéhùn lórí ẹja kan ṣoṣo yìí. Àjọ tí àdéhùn náà bí ni wọ́n ń pè ní International Pacific Halibut Commission lónìí. Seattle ni ọ́fíìsì wọn wà, kọmíṣọ́nnà mẹ́ta sì ń ti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan wá. Ní oṣù kìíní ọdọọdún, wọ́n á gbé ohun tí àwọn onímọ̀ rí nínú òkun yẹ̀ wò, wọ́n á sì sọ iye tí gbogbo wa lápapọ̀ lè kó jáde láti California títí dé Òkun Bering níwọ̀-oòrùn Alaska. Ní 2024, mílíọ̀nù pọ́n-ùn 35.28 ni wọ́n fọwọ́ sí. Ní 2025, wọ́n fà á wálẹ̀ sí 29.72. Ẹja ti dín, èyí tó kù gan-an sì kéré jọjọ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ ọlọ́jọ́ orí kan náà láyé 1980.

Ibi tó yà mí lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe ń bù ú lẹ́yìn ìyẹn. Lágbègbè tí wọ́n ń pè ní 3A, níbi tí Homer, Seward, Valdez àti Kodiak wà, ohun tí àwọn ará ìgbèríko àti ọmọ ẹ̀yà onílẹ̀ tó ń pa á jẹ gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn máa mú, àti ohun tí àwa tí a ń wa ọkọ̀ ara wa máa mú, wọ́n á kọ́kọ́ fojú bu ìyẹn, wọ́n á sì yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni àwọn apẹjatà àti àwọn ọkọ̀ háyà á pín láàárín ara wọn, gẹ́gẹ́ bí ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014. Nígbà tí ẹja bá wọ́n, ọkọ̀ háyà á gba 18.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó bá pọ̀ gan-an, ìdá tiwọn á wálẹ̀ sí 14.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìyẹn kà, torí ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kó tó yé mi. Àwọn apẹjatà ní iye tí wọn kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ọkọ̀ háyà ní iye tiwọn, bí wọ́n bá sì kọjá rẹ̀, òfin ọdún tó ń bọ̀ lè le sí i. Àwa kò ní iye kankan lápapọ̀. Bí ọkọ̀ bíi tèmi bá di ìlọ́po méjì lórí omi, ohun tí wọ́n ń yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún wa ló máa pọ̀ sí i, ìpín àwọn tó kù á sì máa sún kì. Láàárín 2024 sí 2025 tí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ báyẹn, òfin tèmi kò yí padà: méjì lóòjọ́, bó ṣe wù kó tóbi tó. Láti nǹkan bí ìdajì ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ló ti ń jẹ́ méjì.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń mọ iye tí àwa ń mú? Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tó ń wọn ẹja létí èbúté, èyí tó kù wà lọ́wọ́ lẹ́tà tó wà lórí tábìlì mi. Ọ̀gá ọkọ̀ háyà gbọ́dọ̀ máa kọ ẹja tó bá mú sínú ìwé àkọsílẹ̀ lójoojúmọ́ tó bá jáde. Bí wọ́n bá gé ẹja náà lórí omi, egungun rẹ̀ pẹ̀lú orí àti ìrù gbọ́dọ̀ ṣì wà nínú ọkọ̀ títí wọ́n á fi gbé ẹran rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kí aláṣẹ lè wọ̀n ọ́n. Ní tèmi, ohun tí mo bá rántí nígbà òtútù ni mo máa kọ.

Bí wọ́n ṣe ń gé e

Gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà dín ẹja kù ló ní ẹni tó ń dùn. Lágbègbè gúúsù ìlà-oòrùn Alaska, tí wọ́n ń pè ní 2C, ẹja kan lóòjọ́ ni wọ́n dín ọkọ̀ háyà kù sí láti 2009. Nígbà tó di 2011, ẹja kan ọ̀hún kò tún gbọ́dọ̀ ju ínǹṣì 37 lọ. Èèyàn á fò láti ìpínlẹ̀ jíjìnnà wá, á sanwó ọkọ̀, á sanwó ilé ìtura, ẹja kékeré kan ló máa gbé lọ. Àwọn tó ni ọkọ̀ ké gbàjarè. Ní 2012, wọ́n yí i padà: o lè mú èyí tí kò ju ínǹṣì 45 lọ, tàbí èyí tó tó 68 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èyí tó bá bọ́ sáàárín, dá a padà. Ohun tí wọ́n rò ni pé àwọn tó bọ́ sáàárín ló ń fa ìwọ̀n sókè jù, nígbà tí àwọn òmìrán kì í sì í wá lójoojúmọ́.

Òye rẹ̀ yé mi. Ẹni tó ń ta ìrìn àjò gbọ́dọ̀ ní ìrètí kan tí á tà. Ṣùgbọ́n àwọn òmìrán yẹn, abo ni wọ́n, ìyá ẹyin, ó sì máa ń dùn mí kí òfin máa fi wọ́n ṣe ìtùnú. Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ kì í sábà wò ó báyẹn; àpapọ̀ ìwọ̀n tó kúrò nínú omi ló jẹ wọ́n lógún. Èmi kàn ti pinnu pé bí mo bá fa irú rẹ̀ sókè, màá gé okùn.

Bí òfin bá ní ẹja mẹ́rin lọ́dún, àlejò tó wá lẹ́ẹ̀kan kò ní mọ̀ ọ́n lára. Onílé tí kò ní ọkọ̀ ló máa jẹ ìyà rẹ̀. Bí wọ́n bá ti Ọjọ́rú pa, owó ọmọ ọkọ̀ ló máa lọ. Bí wọ́n bá lo igi ìwọ̀n, ẹja púpọ̀ sí i ló máa gba ìwọ̀ lẹ́nu kó tó padà, a sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń yè é. Mi ò rí òfin kan nínú wọn tó mọ́ látòkè délẹ̀.

Ìka ò dọ́gba

Mi ò sọ pé kí òfin kan náà de gbogbo wa. Ìka ò dọ́gba. Ọ̀gá ọkọ̀ háyà ń jáde lójoojúmọ́, ó mọ gbogbo kòtò ìsàlẹ̀ òkun bí ẹni mọ yàrá rẹ̀, èrò tuntun ló sì ń kó lọ ní gbogbo ìgbà. Èmi ń jáde ní ọjọ́ mélòó kan lọ́dún, ọjọ́ mìíràn sì wà tí atẹ́gùn á dá wa padà kí a tó sọ okùn. Ẹja tí mo bá mú, mi ò lè tà á; inú fírísà ló ń lọ, òun la sì ń fi jẹ ẹ̀bà títí òtútù á fi lọ. Bí èèyàn bá ní kí ìyàtọ̀ díẹ̀ wà láàárín èmi àti ọkọ̀ tó ń ṣòwò, mo gbà.

Ẹni tí mo ń rò ni ọkùnrin kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Onílé ni bíi tèmi, owó orí tí mò ń san lòun náà ń san, láísẹ́ǹsì kan náà la gbà. Kò lè wa ọkọ̀ lórí omi tó rí bíi ti Cook Inlet, bí ó bá fẹ́ halibut, àfi kó bá ọkọ̀ háyà lọ. Nígbà tí ẹja bá dín, òun ni wọ́n ń na igi ìwọ̀n sí. Èmi tí ara mi le, tí mo rówó dá ra ọkọ̀, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Ọkọ̀ tí wọ́n ń yá láìsí atukọ̀ náà tún wà: àlejò á sanwó, á wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀, òfin á sì kà á mọ́ àwa tí a ni ọkọ̀. Ẹja kan náà ni, omi kan náà ni, ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú ló yàtọ̀. Ọkọ̀ ni wọ́n ń kà.

Ẹni yòówù ká bá sọ ọ̀rọ̀ yìí, á ní kí a lọ bá àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ Òkun Bering. Òótọ́ ló sọ. Ẹja mìíràn ni àwọn yẹn ń wá, ṣùgbọ́n halibut á bá a wọ inú àwọ̀n, òfin á sì ní kí wọ́n dà á nù sómi, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ti kú. Ó ń dun àwọn ará abúlé ibẹ̀ ju bó ṣe ń dùn wá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: láti 2024, gbèdéke halibut tí ọ̀wọ́ ọkọ̀ kan pàtàkì lára wọn lè bà jẹ́ ti ń lọ sókè sódò gẹ́gẹ́ bí ẹja ṣe pọ̀ tó nínú òkun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jà kó tó rí bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ ńlá bá lè máa tẹ̀ lé bí ẹja ṣe ń pọ̀ tó ń dín, kí ló dé tí èmi kò lè tẹ̀ lé e?

Bí wọ́n bá bi mí

Bí wọ́n bá bi mí, ohun tí màá sọ nìyí. Ní ọdún tí ẹja bá pọ̀, ẹ fi méjì lóòjọ́ sílẹ̀ fún wa. Ní ọdún tí àjọ bá gé gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ bíi ti 2025, kí àwa náà ní iye kan tí a kò gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dún, bóyá mẹ́wàá, bóyá mẹ́jọ, kí a sì máa kọ ọ́ sẹ́yìn láísẹ́ǹsì lójú ẹsẹ̀ bí bàbá mi ṣe kọ tiwọn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di ẹyọ kan lóòjọ́, torí owó epo tí a fi ń dé ibi ẹja kì í ṣe kékeré, ẹni tí kò lówó púpọ̀ nínú wa ló máa kọ́kọ́ fi omi sílẹ̀. Iye ọdọọdún dára jù. Ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mejì kò ní mọ̀ ọ́n lára. Èmi tí mò ń lọ lẹ́ẹ̀méje ló máa kàn.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé èyí máa pa àwọn ará abúlé lébi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 2003 ni òfin ti ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún àwọn ará ìgbèríko tó yẹ àti àwọn ọmọ ẹ̀yà onílẹ̀, pẹ̀lú káàdì tiwọn àti gbèdéke tó ga ju tiwa lọ fíìfíì, ogún ẹja lóòjọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìyẹn. Àwa ará Anchorage, tí ilé ìtajà ńlá Costco wà níwájú ilé wa, ni mò ń sọ̀rọ̀ bá. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní, àwa la sì ń kọ́kọ́ bù nínú abọ́ yìí.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ni ọkọ̀ kò gbà. Ó ní mò ń wá ẹrù tí kò sẹ́ni tó dì fún mi, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú àwọn aláwọ̀n ńlá dé ibi tó yẹ ná. A ti ń jà á láti ìgbà tí lẹ́tà yìí ti dé, a kò sì tíì parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti gbà láti fi ìwé kékeré kan sínú àpótí ọkọ̀, pé gbogbo ẹja tí a bá mú láti ọdún yìí lọ, a ó máa kọ ọ́ síbẹ̀ kí a tó tún ìdẹ sọ sómi.

Ní alẹ́ àná, mo jókòó, mo kọ 14 sínú lẹ́tà náà, mo sì lẹ̀ ẹ́ pa. Lẹ́yìn náà ni mo pe bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ti lé dáadáa ní ọgọ́rin ọdún báyìí, ohùn wọn ti rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rántí ọjọ́ yẹn ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ. Wọ́n rántí ọmọbìnrin ẹlẹ́wù pupa. Wọ́n bi mí pé ẹja tí wọ́n dá padà yẹn, báwo ló ṣe máa tóbi tó lónìí, bó bá ṣì wà láàyè. Mo ní kò ní jẹ́ ọmọdé mọ́.

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó sì lè wà nínú mẹ́rìnlá tìrẹ."